Ọmọ Ilé àti Ọmọ Ọ̀dọ̀

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Amos Tutùọlá ní ọdún 1920. Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ti bí Wọlé Ṣóyínká ní ọdún 1934. Onígbàgbọ́ ni òbí àwọn méjèèjì. Àwọn méjèèjì gbọ́ àlọ́ ní kékeré, wọ́n mọ ìtàn iwin àti ti ẹbọra inú igbó dunjú, wọ́n sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé tí ayé ń kà títí di òní olónìí. Síbẹ̀, ọ̀kan di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba ti lítíréṣọ̀. Èkejì ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba, ó tún tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ìwé rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù àti Paris nígbà tí Ṣóyínká ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan yóò ní kádàrá ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń ka ìtàn ìgbà èwe àwọn méjèèjì, ohun tí mo rí ni pé ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilé, èkejì sì jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gidi nítorí pé Àjàó Estate ní Èkó ni mo ń gbé, àdúgbò tí ọmọ ilé àti ọmọ ọ̀dọ̀ ti ń dàgbà pọ̀ nínú fúláàtì kan náà, tí wọ́n ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, tí ọ̀nà wọn sì ti ń yà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé Ṣóyínká. Ọgbà ìjọ Áńgílíkà ní Aké ni. Samuel Ayọ̀délé, bàbá rẹ̀, ni ọ̀gá ilé-ìwé St Peter's tó wà níbẹ̀. Grace Ẹniọlá, ìyá rẹ̀, ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì wà lára àwọn obìnrin tó dúró ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aṣáájú wọn, nígbà tí wọ́n ń bá owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin jà. Ìwé pọ̀ nínú ilé náà, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ ju ìwé lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá a máa wá jókòó, wọn a jiyàn lórí Bíbélì, lórí ogun Hitler, lórí ohunkóhun tó bá ṣáà ti ṣeé jiyàn lé lórí, ọmọdé a sì wà nítòsí tí yóò máa gbọ́. Wọlé kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó fi kó ìwé bàbá rẹ̀ sọ́wọ́, tí ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sí ilé-ìwé, tí ó ní òun náà wá bẹ̀rẹ̀. Wọn kò lé e padà. Wọ́n fún un níbi tí yóò jókòó sí.

Ilé tíṣà ni, nítorí náà ẹgba wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n oníbéèrè ọmọ ni, àwọn àgbà sì ń dá a lóhùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ obìnrin ń gbára jọ, ọmọdékùnrin yìí ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn, ó sì ń bá wọn fi lẹ́tà han àwọn ìyá ọlọ́jà tó fẹ́ mọ̀wé. Nígbà tó yá, ìjà àwọn obìnrin yẹn mú kí Aláké Adémọ́lá, ọba ìlú náà, fi oyè sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ẹni tó bá ń béèrè ibi tí Ṣóyínká ti rí ọkàn tí ó fi kojú ìjọba ológun, títí wọ́n fi tì í mọ́lé láti ọdún 1967 sí 1969, kí ó lọ wo àgbàlá Aké. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí i pé aláṣọ ìró lè ní kí ọba kúrò lórí ìtẹ́, tí ọba sì kúrò, kò ní bẹ̀rù sọ́jà bí àwa yòókù ṣe ń bẹ̀rù.

Ìsarà tún wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí bàbá bàbá rẹ̀ wà. Kí ó tó bọ́ sáàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé tó jù ú lọ, bàbá àgbà yẹn ní kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un, kí ọkàn rẹ̀ lè gbóyà. Aké fún un ní Kírísítì àti ìwé, Ìsarà fún un ní Ògún, kò sì sí èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú méjèèjì. Ọmọ tó ní ilé méjì báyìí, tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń jà du ọkàn rẹ̀, ọlọ́rọ̀ ọmọ ni, bí bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ju owó oṣù tíṣà lọ.

Wàyí o, Tutùọlá. Àgbẹ̀ kòkó ni àwọn òbí rẹ̀. Ní kékeré ni wọ́n ti mú un lọ fún ọkùnrin Ìgbò kan, F. O. Monu, ó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀. Dípò owó iṣẹ́, ọkùnrin náà fi í sí ilé-ìwé Salvation Army ní Abẹ́òkúta. Ó yẹ kí á yìn ín fún èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ayé ìgbà náà kò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ayé ìsinsìnyí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá náà wá sí Èkó, Tutùọlá bá a wá, ó sì wọ Lagos High School. Orí rẹ̀ pé nídìí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé kò jẹ́ kí ó simi: kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, iṣẹ́, nígbà tó bá dé, iṣẹ́. Ìnira ibẹ̀ pọ̀ débi pé ó padà sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ní ọdún 1939, bàbá náà kú. Kò sí ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé mọ́. Bí ẹ̀kọ́ Tutùọlá ṣe parí nìyẹn, nǹkan bí ọdún mẹ́fà péré lápapọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó fi iṣẹ́ náà sin ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun parí, iṣẹ́ náà parí. Ní ọdún 1948 ó rí iṣẹ́ ìránṣẹ́ gbà ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹni tó bá ti ṣe ìránṣẹ́ ọ́fíìsì rí mọ̀ pé ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀: ìwọ jókòó, wọn yóò pè ọ́, ìwọ yóò gbé fáìlì, ìwọ yóò tún padà wá jókòó. Inú ìjókòó yẹn ni ó ti ń kọ ìtàn sórí àjákù bébà, kí ọjọ́ lè tètè lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń wú mi lórí jù ni pé ní nǹkan bí ọdún 1951, àwọn méjèèjì ló wà ní Èkó nídìí iṣẹ́ ìjọba tí kò tó nǹkan. Ṣóyínká ti jáde ní Government College, Ìbàdàn, ó ń ṣe akọ̀wé níbi tí ìjọba ń kó oògùn sí. Tutùọlá ń gbé fáìlì. Ẹni tó bá rí wọn ní ojú pópó Èkó nígbà náà kò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ń retí ìwé yunifásítì, ó kàn ń fi iṣẹ́ náà dúró dè é ni. Ní ti èkejì, iṣẹ́ náà gan-an ni ibi tí ọ̀nà pin sí.

Ọdún 1952 dé. Ṣóyínká, ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ University College, Ìbàdàn. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard fún Tutùọlá, ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Dylan Thomas, akéwì ará Wales tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, kọ ọ̀rọ̀ ìyìn lé e lórí. Nígbà tó di ọdún 1953, Raymond Queneau ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Nílé ńkọ́? Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan fajú ro. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán, pé yóò mú kí òyìnbó máa rò pé púrúǹtù ni gbogbo wa. Ọmọ tí wọ́n kò jẹ́ kí ó kàwé dé òpin ni wọ́n tún wá ń dá lẹ́bi pé kò kàwé dé òpin.

Ẹ wo bí ìyókù ṣe lọ. Ní ọdún 1954 Ṣóyínká lọ sí Leeds, ó gboyè níbẹ̀ ní 1957, ó padà wálé ní 1960 pẹ̀lú owó ìwádìí lọ́wọ́, ó sì ṣe eré A Dance of the Forests fún ayẹyẹ òmìnira. Tutùọlá bọ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn, ó ń ṣọ́ ẹrù. Ní ọdún 1963 Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé rẹ̀ di eré orí ìtàgé ní Yorùbá, eré Ọ̀mùtí tí àwọn bàbá wa kò tíì gbàgbé. Ẹni tó ni ìtàn náà ṣì wà nídìí iṣẹ́ oṣù rẹ̀. Ìgbà tó di ọdún 1979 ni Yunifásítì Ifẹ̀ pè é wá láti wà láàárín àwọn olùwádìí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ sí èyí. Wọ́n ní bí Tutùọlá bá kàwé púpọ̀ ni, kì bá tí kọ irú ìwé tó kọ; pé àìkàwé rẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀. Ẹni tó ti kàwé yó ló máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Fágúnwà kàwé, ó gba ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní St Andrew's, Ọ̀yọ́, kò sì gbàgbé iwin kan ṣoṣo nínú igbó. Òun ló kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tó jáde ní ọdún 1938. Ṣóyínká dé Leeds, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, Ògún kò fi í sílẹ̀, òun náà ló sì túmọ̀ ìwé Fágúnwà yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968. Ilé-ìwé kò pa àlọ́ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ ní kékeré. Ohun tí ilé-ìwé ìbá ṣe fún Tutùọlá ni pé ìbá fún un ní àkókò, ìbá fún un ní owó oṣù tó jọjú, ìbá fún un ní ẹnu tí yóò fi bá àwọn tó ń pẹ̀gàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò ṣàìní ẹ̀bùn. Ọ̀nà ni kò ní.

Ní báyìí, ẹ bá mi wọ Àjàó Estate. Ẹni tó bá ti ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú yà síbẹ̀, tàbí tó gba Òsólò Way wọlé, yóò mọ irú àdúgbò tí mo ń wí. Kì í ṣe Ìkòyí, kì í sì í ṣe àdúgbò tálákà. Òṣìṣẹ́ báǹkì ń gbé ibẹ̀, àti oníṣòwò, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀, tí bàálù ń ré kọjá lórí ilé wọn títí tí wọn kò fi gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta, géètì irin, táǹkì omi lókè, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ilé-ìwé aládàáni pọ̀ káàkiri, bọ́ọ̀sì wọn a sì ti máa yí àdúgbò ká kí oòrùn tó ràn. Nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn fúláàtì wọ̀nyí, ẹni tó ń kọ́kọ́ jí ni ọmọbìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju mọ́kànlá tàbí méjìlá lọ. Òun ni yóò gbé omi kaná. Òun ni yóò wẹ̀ fún ọmọ ilé.

Mo rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní òpópó wa. Ó gbé báàgì ọmọkùnrin ọ̀gá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó mú fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́ kan, ó di ọmọ náà mú ní ọwọ́ kejì. Bọ́ọ̀sì dé. Kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ìwé sí, ó ń pe lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó sìn wá dá a lóhùn láìwo ojú rẹ̀, ó pe lẹ́tà tó kù, ó gba báàgì, ó gòkè. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà kò tètè kúrò níbẹ̀. Ó tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ó sì pè é já lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni ó padà sílé lọ fọ abọ́.

Níbo ni irú wọn ti ń wá? Láti àwọn abúlé wa níhìn-ín, láti Benue, láti Akwa Ibom, láti Kútọnu àti Togo. Ẹnìkan ló ń mú wọn wá, ọwọ́ ẹni náà sì ni owó oṣù ń gbà kọjá kí ó tó dé ọwọ́ òbí, bí ó bá dé rárá. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àṣà kí a fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tó rí jájẹ ti pẹ́ débi pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ ní èdè Fọ̀n, vidomègon. Àwa Yorùbá náà ń fi ọmọ fún ìbátan wò, pàápàá jù lọ fún tíṣà àti àlùfáà. Ilé Aké tí mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kún fún ọmọ àgbàtọ́. Àṣà náà kò burú láti ìpilẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ní lọ́kàn ni pé ilé tíṣà yóò sọ ọmọ di tíṣà. Ilé wa ti Àjàó Estate ń sọ ọmọ di kí ni?

Gbogbo ẹni tí mo bi ní í sọ pé, "Bí ọmọ mi ni mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀." Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì purọ́ nípa oúnjẹ àti aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà láti mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà: ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbo ni ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé wà? Bí ọ̀kan bá wà nínú kíláàsì tí èkejì wà nídìí ìfọṣọ, a kì í ṣe ìtọ́jú kan náà fún wọn. Àwọn mìíràn a fi òwe gbèjà ara wọn, wọ́n ní ọmọ ẹni kò ní í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lára ọmọ wọn. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kò gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Yunifọ́ọ̀mù àti ìwé ni ó kù, àti wákàtí mẹ́fà láàárọ̀ tí abọ́ yóò fi wà ní ìdọ̀tí.

Àríyànjiyàn kejì le ju ìyẹn lọ, nítorí òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìyà ló ń kọ́ ọmọ. Wọn a tọ́ka sí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lóòótọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1920. Ó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó pọn omi, ó ta igi ìdáná kí ó lè rí owó ilé-ìwé san. Bàbá kú fún un bí ó ṣe kú fún Tutùọlá, òun sì di ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ǹjẹ́ ìyà kọ́ ló sọ ọ́ di èèyàn?

Ẹ jẹ́ kí á wọ̀n ọ́n dáadáa. Owó iṣẹ́ ọ̀dọ̀ tí Awólọ́wọ̀ ṣe ń wọ ilé-ìwé lọ. Omi tó pọn, kíláàsì ló ń pọn ọ́n sí. Ó wọ Wesley College ní Ìbàdàn ní ọdún 1927, ó ṣe tíṣà, ó ṣe akọ̀wé atẹ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ra kòkó tà, kò sì fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ilé ló jókòó sí tó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, tí wọ́n sì pè é sí ẹgbẹ́ amòfin ní 1946. Ìyà tí ilé-ìwé wà ní òpin rẹ̀ ni ó jẹ. Ìyà tí òpin rẹ̀ jẹ́ ìyà mìíràn ni ọmọ tó ń fọ abọ́ ní Àjàó Estate ń jẹ. Orúkọ kan náà ni à ń pe méjèèjì, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ kò gbà pé ìyà ni olùkọ́ tó dára jù. Bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ ni, ìbá ní kí gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn lọ jẹ tiwọn. Nígbà tí agbára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, tí Stephen Awókọ́yà sì jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé ní ọdún 1954 jẹ́ 456,600. Ní 1955 ó di 811,432. Láàárín ọdún kan ṣoṣo! Ohun tí ó ń dùn án láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ó sọ di òfin, pé ikú bàbá ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé ọmọ kúrò ní kíláàsì mọ́. Mo máa ń rò ó pé ká ní ètò yìí ti wà ní ọdún 1939, nígbà tí bàbá Tutùọlá kú ńkọ́?

Èèyàn mẹ́ta kò tó fi ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ayé, mo mọ̀. Àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀n ọ́n wà. Ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1962, àwọn olùkọ́ kan mú ọmọ adúláwọ̀ 123 láti ilé àwọn aláìní, ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. 58 nínú wọn wọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó péye, tí olùkọ́ sì ń lọ bá ìyá àti ọmọ jókòó nílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. 65 tó kù kò rí irú rẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé gbogbo wọn títí wọ́n fi pé ẹni ogójì ọdún. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú rẹ̀ ni pé kò pẹ́ púpọ̀ tí ìdánwò ọpọlọ kò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn mọ́. Ẹni tó bá wò wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ní owó náà ti ṣòfò. Àgbà wọn ló wá sọ̀rọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó rí ìtọ́jú yẹn, 77 parí sẹ́kọ́ńdìrì. 60 ni nínú àwọn tí kò rí i. Àwọn tí ọlọ́pàá ti mú tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 36 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́, 55 nínú ti èkejì. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù. Ẹnìkan jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n kéré, èyí kò sì kúrò lára wọn.

Ìjókòó tì yìí ló mú mi padà sọ́dọ̀ ọmọ ilé, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun ni ó jàre gbogbo rẹ̀. Ọmọ ilé ti Àjàó Estate ní ilé-ìwé, ó ní lẹ́sìn lẹ́yìn ilé-ìwé, ó ní táblẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó ní Aké? Bàbá ti kúrò nílé ní aago márùn-ún kí gòsìlóò tó mú un lórí afárá, ìyá náà ti jáde, wọn kì í sì í wọlé kí ọmọ tó sùn. Àwọn ilé-ìwé kan tún wà tí ọmọ yóò jìyà níbẹ̀ bí ó bá sọ Yorùbá. Owó ilé-ìwé ń wọ àpò olówó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n àgbà tó ń jiyàn létí rẹ̀, bàbá àgbà Ìsarà, ìyá tó ń bínú sí ìjọba lójú rẹ̀, níbo ni wọ́n wà? Ẹni tó wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn. Òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn, bí àlọ́ kankan bá sì kan ọmọ náà létí, ẹnu ọmọ ọ̀dọ̀ ni yóò ti gbọ́ ọ. Ọmọ tí a kò jẹ́ kí ó kàwé ni a fi ṣe olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ tí a ń tìtorí ìwé rẹ̀ yáwó. Bí a kò bá tilẹ̀ ro ti ọmọ ọlọ́mọ, ó yẹ kí á ro tiwa.

Nítorí náà, bí mo bá fi ilé àti ilé-ìwé sórí òṣùwọ̀n, ibi tí mo dúró sí nìyí. Ilé ló ń fún ọmọ ní ohun tí yóò sọ. Ilé-ìwé ló ń fún un ní ibi tí yóò ti sọ ọ́. Ṣóyínká rí méjèèjì gbà. Tutùọlá ní ti àkọ́kọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n gba ti èkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé wa ní ti èkejì, a ń fi ti àkọ́kọ́ dù ú láìmọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa kò ní èyíkéyìí, òun ló sì ṣe mí láàánú jù.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba kí á gba ọmọ síṣẹ́ ọ̀dọ̀ níta ilé àwọn ẹbí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ láti 2007. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2004, ní kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Nínú òfin náà, ẹni tí ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ni òbí, ìbáà jẹ́ òun ló bí i tàbí òun kọ́. Nítorí náà, ìyá àti bàbá ọmọ náà tó wà ní abúlé nìkan kọ́ ni òfin ń bá wí. Ó ń bá ẹ̀yin tí ẹ ni fúláàtì náà wí.

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ń gbé lọ́dọ̀ yín, tí kò sì lọ sí ilé-ìwé, ẹ má ṣe dúró de sáà tuntun. Ilé-ìwé ìjọba wà ní Ọ̀ṣòdì, wọ́n wà ní Ìsọlọ̀, wọn kò jìnnà sí wa. Bí kò bá sí ìwé ìbí lọ́wọ́ ọmọ náà, ẹ mú un lọ pẹ̀lú ohun tó wà, kí ẹ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Ẹ wá bí ẹ ó ti máa fọ abọ́ yín. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ mú ọmọ náà lọ́wọ́, kí ẹ lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.